Má Kúnlẹ̀ Níwájú Ẹ̀rọ Náà

Muṣin,
Ọjọ́rú, lówùúrọ̀.

Mojísọ́lá, Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí mo fi ń yangàn,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Má ṣe kà á ní ìdúró, má sì ṣe kà á nínú yàrá tí ẹ̀rọ yẹn wà. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. Bí mo bá ti sọ gbólóhùn kan péré, wàá ti ní, "Màámi, mo ti gbọ́, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre." Ọkàn mi ò balẹ̀. Láti Sátidé tí mo ti kúrò nílé yín ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni mo ti ń ṣe àṣìṣe nídìí iṣẹ́. Ní Mọ́ńdè, mo rán apá ọ̀tún aṣọ oníbàárà mi kan mọ́ òsì, obìnrin náà sì ń wò mí bí ẹni tó rò pé ogbó ti dé. Kì í ṣe ogbó. Ẹ̀rù ni.

Ẹ̀rù ń bà mí, Àṣàkẹ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pòwe, torí mo mọ̀ pé bí òwe bá ti pọ̀, wàá rò pé eré ni mo ń ṣe. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Èmi ti ń gbọ́ hẹ̀rẹ̀huru náà báyìí, mo sì ń fẹ́ sùn.

Bóyá ìwọ ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ẹ̀rín lo fi í rín. Jẹ́ kí n rán ọ létí bí èmi ṣe rí i.

Mo gbé ẹ̀wà àti dòdò wá fún ìwọ àti Káyọ̀dé ọkọ rẹ. Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé, torí ibẹ̀ ni yàrá tí Káyọ̀dé yọ̀ǹda fún iṣẹ́ rẹ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn tí ìyá rẹ̀ máa ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti òkè. Mo rí ẹ̀rọ mílíìnì bàbá rẹ, ẹ̀rọ tó fi ń gé irin nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Muṣin títí Ọlọ́run fi pè é. Díẹ̀ ló kù kí n kí i bí ojúlùmọ̀. Ṣùgbọ́n kò jọ ara rẹ̀ mọ́. O ti tú gbogbo ọwọ́ tí bàbá rẹ fi ń yí i kúrò. O ti de àwọn mọ́tọ̀ kéékèèké tí iná ń yí sí ipò wọn, wáyà jáde lára wọn lọ sínú àpótí kan, ó sì ti inú àpótí lọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ. Tábìlì irin tó wà níwájú rẹ̀, èyí tí a máa ń de irin tí a fẹ́ gé mọ́, ń lọ, ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ọwọ́ ènìyàn kankan lára rẹ̀.

Ìwọ dúró ti kọ̀ǹpútà. O gbọ́ ohùn mi, o yíjú, o rẹ́rìn-ín, o ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Màámi!" Kí n tó dáhùn, orúnkún rẹ méjèèjì ti kan ilẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ gan-an. Ibi tí o kúnlẹ̀ sí ni àlàfo tóóró tó wà láàárín etí tábìlì yẹn àti ògiri, nítorí ibẹ̀ ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Orí rẹ wá bá tábìlì náà dọ́gba. Èmi náà ti la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. O sì mọ àdúrà mi. Bí ọmọ mi bá kúnlẹ̀ fún mi, n kì í sọ pé kó dìde títí n ó fi kárí orí rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀, iṣẹ́, ọkọ, ọmọ, àti àwọn ọ̀tá tí a ò tíì mọ orúkọ wọn. Ìwọ náà kì í sì í dìde kí o tó ṣe àmín tó kẹ́yìn. O ti tẹrí ba, o ń retí.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé tábìlì náà kò padà. Níbi tó ti ń ṣẹ́rí padà tẹ́lẹ̀, ó kọjá ibẹ̀, ó ń bọ̀. N kò mọ ohun tí mo ṣe. Mo kàn rí i pé abọ́ ẹ̀wà ti wà nílẹ̀, mo sì ti di apá rẹ mú, mo wọ́ ọ síta. Àga oníke funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kò rí ẹni wọ́ ọ. Tábìlì tì í mọ́ ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ó sì fọ́. Ariwo tó pa kò tilẹ̀ pọ̀. Ìwọ sáré lọ pa ẹ̀rọ, o padà wá, o ń rẹ́rìn-ín. "Òdo kan ni mo tẹ̀ lé e, Màámi. Ẹ wò ó, ẹ ti da ẹ̀wà Káyọ̀dé nù." Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí mi ò fẹ́ kí o mọ̀ pé ẹ̀rù bà mí.

Àṣàkẹ́, bí mo bá ti di ojú mi, bí mo ṣe máa ń dì í bí mo bá ń gbàdúrà, àdúrà ìyá rẹ ni ì bá pa ọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi láti Sátidé nìyẹn. N kò lè gbé e kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun kìíní tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí, òun náà ni mo sì máa bẹ̀ ọ́ kẹ́yìn: má kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́ nígbà tí ẹ̀rọ yẹn bá ń ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni. Má tilẹ̀ yíjú.

Mo mọ̀ pé èmi tí mò ń sọ èyí ni mo fi í kọ́ ọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí o bá jí tí o kí mi ní ìdúró, èmi á ní, "Ẹni yìí ò tíì jí, padà lọ sùn." Wàá padà sórí ẹní, wàá dùbúlẹ̀, wàá dijú, wàá tún jí, wàá wá kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́. Bàbá rẹ á máa rín ẹ̀rín. Mo ṣe é títí ó fi wọ inú eegun rẹ. Orúnkún rẹ kì í gbàṣẹ lọ́dọ̀ ọpọlọ mọ́. Bí o bá ti gbọ́ ohùn àgbà, ó ti ká. Mo fi í yangàn lójú gbogbo ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí mo fi yangàn náà ló wá ń dẹ́rù bà mí yìí.

Ó tiẹ̀ yẹ kí n ti mọ̀. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ní Sábó, ọ̀gá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, mú ìyá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan. Mo fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kúnlẹ̀, kí Àǹtí lè yìn mí lójú ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò tíì kúrò lórí pẹ́dà ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Abẹ́rẹ́ gba inú ìka ìfábẹ̀là mi kọjá sí ìsàlẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo kúnlẹ̀ ààbọ̀, ọwọ́ mi kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo sì ń sọ pé, "Ẹ káàsán mà." Àǹtí ní, "Ta ló ń lé ọ? Ṣé ìyá mi ń sá lọ ni?" Èékánná ìka yẹn ò gún títí di òní, ìwọ náà máa ń bi mí nípa rẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré. Ẹ̀rọ ìránṣọ nìyẹn o, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó lu aṣọ lọ. Ti ìwọ, irin ló ń jẹ bí ẹni ń jẹ àkàrà.

Wá wo bàbá rẹ. Nígbà tó ń lo ẹ̀rọ kan náà yìí, bó bá ti gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, tábìlì dúró. Ọ̀bẹ rẹ̀ lè máa yí lókè, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń rìn wá bá ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, bàbá rẹ kò jẹ́ dá ènìyàn lóhùn bí ọ̀bẹ yẹn bá ń yí. Onílé wa àtijọ́ wá dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó kí i, kò dáhùn. Ó tún kí i, kò wẹ̀yìn. Ojú onílé náà pọ́n, ó ń bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ pé ẹ wo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí bàbá rẹ parí, ó pa ẹ̀rọ, ó jáde síta, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí títì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó kún fún òróró. Ó ní, "Ẹ máà bínú, Bàbá. Irin ò mọ àgbà." Láti ọjọ́ náà, onílé á dúró síta títí ẹ̀rọ á fi dákẹ́. Àwọn kan ṣì ń pe bàbá rẹ ní agbéraga. Kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo ìka rẹ̀ ló bá a wọ ilẹ̀, pípé ni wọ́n pé.

Ohun kejì. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọlúwàbí. Bí o bá sọ àbọ̀ fún un, àbọ̀ ni yóò ṣe, bí o bá ṣèèṣì sọ méjì, yóò ṣe méjì, kò ní bi ọ́ pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ lo fẹ́ sọ?" Òdo kan lo fi kún un, ó sì ń lọ láti fọ́ orí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ mọ̀ pé ìdè gígùn, irin bíi súkúrù tó ń yí láti fa tábìlì náà, ti jẹ, pé bí a bá yí i padà, yóò kọ́kọ́ lọ lófo díẹ̀ kó tó gbà. Ọwọ́ rẹ̀ ló sọ fún un, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú sí i. O sọ fún mi pé o ti fi tuntun rọ́pò rẹ̀, mo sì gbà pé o mọ iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n o tún fi ẹnu ara rẹ sọ pé àwọn súìṣì kéékèèké tó yẹ kó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tí yóò pa á bí tábìlì bá ti fẹ́ kọjá àyè rẹ̀, ṣì wà nínú ọ̀rá. O ní o máa de wọ́n tó bá yá. Dè wọ́n lónìí. Bọ́tìnnì pupa tí a fi ń pa ohun gbogbo, má fi í sílẹ̀ síbi kọ̀ǹpútà nìkan. Fi òmíràn sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ọwọ́ Káyọ̀dé tàbí ọwọ́ tèmi lè tètè tó. Kí o sì wọ́ ẹ̀rọ yẹn kúrò nítòsí ògiri. Ibi tí àga ò ti ráàyè, èèyàn ò lè ráàyè níbẹ̀.

Iná ńkọ́? Gbogbo wa la mọ ohun tí à ń ṣe ní Èkó yìí. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ta ló ń pa súìṣì? Gílóòbù la fi ń mọ̀ pé wọ́n ti mú un dé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, ọmọge ni mí, mo mọ tara mi. Mò ń lọ léèsì ìyàwó kan lọ́wọ́, wọ́n mú iná lọ. Mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ, mo jáde lọ gba atẹ́gùn, mo sì ń dápàárá pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Iná dé. Gbogbo àdúgbò hó yèè, èmi náà gbọ́wọ́ sókè, mo fò. Mo ṣì ń fò nígbà tí mo gbọ́ òórùn. Ẹkún ìyàwó yẹn ṣì wà létí mi. Aṣọ ló jó, a ra òmíràn. Bí iná bá lọ tí o wà nídìí ẹ̀rọ yẹn, yọ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri kí o tó ṣe ohunkóhun. Jẹ́ kí gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa bá ọ ṣọ́nà. Bí àwọn ará ilé bá ń hó yèè, ìwọ rọra. Má jẹ́ kí ẹ̀rọ náà jí kó bá ọwọ́ rẹ nínú rẹ̀.

Òrùka ìgbéyàwó rẹ dà? Bọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ó ṣì ń dán, o sì fẹ́ràn kí ayé rí i. Bọ́ ọ sínú ife nílé ìdáná kí o tó wọlé síbi iṣẹ́. Bí Káyọ̀dé bá bínú, ní kó wá bá mi. Má ró ìró níbẹ̀, má fi ìborùn kọ́rùn, kí o sì di irun rẹ mọ́lẹ̀.

N kò ní kí o ta ẹ̀rọ náà. Bí mo bá ní kí o tà á, irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Mo rí irin roboto eléyín tí o gé fún ẹ̀rọ àwọn tó ń rọ omi sínú ọ̀rá, èyí tí wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ mọ́ lọ́jà. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, eyín kọ̀ọ̀kan bá èkejì dọ́gba, ó ń dán. Bàbá rẹ ì bá gbé e yí gbogbo Muṣin ká. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìwọ, ejò ò tíì bù ọ́ ṣán. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rẹ́rìn-ín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, ṣọ́ orí yẹn fún mi, ẹyọ kan ni mo bí.

Mo mọ èsì tí wàá fọ̀, torí o ti fọ̀ ọ́ nígbà tí ò ń sìn mí lọ sí títì ní Sátidé. O ní, "Màámi, ilé ọkọ ni mo wà o. Bí Màmá bá ń sọ̀kalẹ̀ tí mi ò kúnlẹ̀, wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé ni. Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n á bú." Mo rò ó títí tí mo délé. Orúkọ mi lò ń dáàbò bò, orí rẹ lo sì fi ń dáàbò bò ó.

Nítorí náà, mo lọ rí ìyá ọkọ rẹ lánàá, ní ṣọ́ọ̀bù abọ́ rẹ̀ ní Sábó. Má bínú pé n kò sọ fún ọ. Bí mo ṣe débẹ̀, mo kúnlẹ̀ fún un.

Ó fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n! Háà! Ẹ dìde jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ! Kí ló dé? Ṣé àwọn ọmọ yìí ti jà ni?"

Mo ní, "Wọn ò jà. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín. Bí ẹ̀rọ ọmọ mi bá ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa kẹ́yìn sí yín."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀yin lẹ ń sọ pé kí ìyàwó mi má kí mi mọ́? Nínú ilé ọkọ mi?"

"Kó kí yín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kó kàn kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ."

Mo sọ ohun tí ojú mi rí fún un. Nígbà tí mo dórí àga, ó dá mi dúró. "Àga funfun yẹn? Ìyàwó mi ní Káyọ̀dé ló jókòó lé e tó fi fọ́." Mo ní kì í ṣe Káyọ̀dé. Ó wá jókòó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ní Fúráìdé, kí n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo yà síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, mo sì ń súre fún un. Mo dijú. Ẹ̀rọ yẹn ń pariwo, mo wá gbóhùn sókè, kí àdúrà mi lè borí ariwo rẹ̀."

Oníbàárà kan ń béèrè iye abọ́ aláwọ̀ ewé, kò rí ẹni dá a lóhùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó ṣèlérí pé òun á máa dúró nídìí àtẹ̀gùn títí ẹ̀rọ á fi dákẹ́. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń sìn mí jáde, ó ní, "Àmọ́ bí àlejò bá wà pẹ̀lú mi ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n? Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?" Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí nìyẹn. Àlejò á wà. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ á wá, pásítọ̀ á wá, àwọn àgbà láti abúlé á wá wo ìyàwó tuntun. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọ́n á máa retí orúnkún rẹ, àwọn kan á sì pòṣé. N kò ní sí níbẹ̀ láti wọ́ ọ lápá.

Mo ní àdúrà fún ọ, ó kún ẹnu mi. N kò ní kọ ọ́ síbí, kí o má baà tẹrí ba. Láti ìsinsìnyí, bí n ó bá gbàdúrà fún ọ, ojú mi á là sílẹ̀, ìwọ náà á sì wà ní ìdúró.

Sátidé tó ń bọ̀, n ó tún gbé ẹ̀wà wá. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, kẹ́yìn sí mi, má dá mi lóhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé ìyá rẹ ò kọ́ ọ, gbà fún un, má bá a jiyàn. Aláìlẹ́kọ̀ọ́ tó wà láàyè ni mo fẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.